Ta Ló Ń Bẹ Ta?

  

Ọ̀rọ̀ kan ti ń gún mi lọ́kàn, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ètò tí àwọn èèyàn ti máa ń pè wá lórí fóònù láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́yin náà ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹnì kan á pè, á ní afárá àdúgbò àwọn ti wó, inú odò làwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá. Á ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè, inú ń bí i. Ó sì yẹ kí inú bí i. Àmọ́ tó bá kù díẹ̀ kó gbé fóònù sílẹ̀, ohùn yẹn á ṣàdédé rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù lójú ẹ̀, á wá ní: "A ń bẹ ìjọba o, kí wọ́n fojú àánú wò wá." Ẹni tó tẹ̀ lé e á sọ ti iná mànàmáná, òun náà á bẹ ìjọba. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú bírò, mo ń fa ìlà sẹ́yìn ìwé. Èèyàn mọ́kànlá ló pè. Mẹ́sàn-án bẹ ìjọba. Ẹnì kan ṣépè. Ẹni kọkànlá ń wá nọ́ńbà ẹlẹ́gbòogi tó polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí kí ètò wa tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dákun, ta ló yẹ kó máa bẹ ta? Bí mo bá lọ sọ́jà Bódìjà, tí mo sanwó ẹ̀wà kóńgò méjì, tí ìyá ẹlẹ́wà wá wọn kóńgò kan sínú ọ̀rá mi, ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ pé kí wọ́n fojú àánú wò mí ni? Ohun tí màá sọ ni pé, "Ìyá, ó ku kóńgò kan." Ó tán. Wọ́n á wọn ìkejì, bóyá wọ́n á tiẹ̀ bu ènì sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdúgbò tèmi. A ní ẹgbẹ́ àwọn onílé, èmi sì ni akápò wọn, ipò tí ẹnikẹ́ni kì í dù. Ní ọdún tó kọjá, tiransifọ́mà wa jó. A pín owó rẹ̀ sórí ilé kọ̀ọ̀kan, a sanwó fún àwọn tó wá tún un ṣe, iná dé. Nígbà tó yá, a ṣèpàdé, mo dìde láti ka bí mo ṣe náwó. Mo ka ti wáyà, mo ka ti ọ́ìlì, mo ka ti ọkọ̀ tó gbé e. Bàbá Télọ̀ bá na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n máa ń gbé dání, ìwé aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà wọn, wọ́n ti kọ gbogbo ohun tí mo kà sí i.

"Akápò, ẹ ní ẹ fi 2,500 náírà ra omi fún àwọn tó tún iná ṣe. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n, mo rí wọn. Omi wo ni èèyàn mẹ́ta mu tó tó 2,500?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Kì í ṣe omi nìkan, búrẹ́dì àti mínírà wà níbẹ̀, àmọ́ omi ni mo kọ. Mo wá ríṣíìtì nínú àpò, mo wá a nínú fáìlì, mi ò rí i. Kí ojú má bàa tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi owó ara mi dí i. Inú bí mi sí Bàbá Télọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé wọ́n jàre.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Bí ẹ bá ti ṣẹ́rí kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀, gọ́tà kan wà níbẹ̀ tí kọngílá ìjọba gbẹ́ dé ìdajì, tó sì fi sílẹ̀ lọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ilẹ̀ tí wọ́n hú jáde ti hu koríko, ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀. Mo bi Bàbá Télọ̀ pé ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ iye tí kọngílá gba iṣẹ́ náà. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Ti ìjọba nìyẹn, Akápò. Ṣé owó mi ló wà níbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó tọpa 2,500 náírà omi títí dé òpin, òun náà ló ní kò kan òun, owó mílíọ̀nù tó wọlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù òun.

Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó máa ń sọ, pé iṣẹ́ ọba, a kì í ṣe é láàgùn? Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àlàyé kan lé irú ìwà yìí lórí ní ọdún 1975, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lédè tiwa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nǹkan àpapọ̀ méjì ló wà lọ́kàn wa. Ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa jẹ́ tiwa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan owó rẹ̀, ojú á tì í dé orí ọmọ. Ti ìjọba jẹ́ ti òyìnbó. Ẹni tó bá rí mú níbẹ̀, ó gbọ́n ni. Òyìnbó lọ ní 1960, ojú tí a fi ń wo ìjọba kò bá a lọ.

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà la máa ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan wà nílẹ̀ yìí tí wọ́n wo ìjọba lójú, lábẹ́ òyìnbó gan-an, tí wọ́n sì ní: ẹ mú ìwé yín wá ká jọ kà á.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Kí ọdún 1914 tó dé, Ẹ̀gbá ní ìjọba tirẹ̀ tó dá dúró. Owó ibodè, tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé, tó sì ń jáde, ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Kò sẹ́ni tó ń wọ agboolé olúkúlùkù láti ka orí. Ní 1914, òyìnbó gba òmìnira yẹn lọ́wọ́ wọn. Ní 1918, owó orí dé, ó sì kan obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin. Ọdún yẹn gan-an ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀: wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, ìjọba kó sójà lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ sí i. Owó orí kò lọ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko làwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi san án.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á ló burú jù. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di asanwó-orí, nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. Ẹni tí wọn ò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, tó bá ní òun kò tíì dàgbà tó, àwọn kan nínú àwọn tó ń gba owó máa ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti fi ojú ara wọn wò ó. Ọmọ ẹni ni mo ń sọ yìí o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ìyàwó ilé tó jẹ́ pé òun ló ń bọ́ ọmọ, òun ló ń ra ọjà, òun ló ń san owó orí, kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣèpinnu bí wọ́n ṣe máa ná an.

Obìnrin kan ló kó wọn jọ: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Olùkọ́ ni wọ́n, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alákọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ti àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì àti bí wọ́n ṣe ń ránṣọ. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà ń wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí ojú àwọn yẹn ń rí. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí padà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyá yìí bọ́ gáùn òyìnbó jù, wọ́n ró ìró, wọ́n wọ bùbá, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ ní ìpàdé, débi pé tí òyìnbó aláṣẹ bá fẹ́ gbọ́ wọn, àfi kó wá ògbufọ̀.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó síwájú ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, ní Aké nítorí owó orí náà. Wọ́n sun ibẹ̀. Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: tí ìjọba bá ní wọn ò gbọdọ̀ wọ́de, Ìyá Ransome-Kuti á ní àwọn kò wọ́de, fàájì làwọn fẹ́ lọ ṣe, ọdún làwọn fẹ́ lọ ṣe. Ta ló ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó lọ ṣe fàájì?

Wọn ò dáwọ́ dúró. Ní oṣù keje ọdún 1948, Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, wọ́n gbé adé sílẹ̀. Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, obìnrin mẹ́rin sì wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú. Kí n sọ ọ́ tán: ní ìparí ọdún 1950, Ọba padà wálé, wọ́n sì wà lórí ìtẹ́ títí wọ́n fi wàjà ní 1962. Ìlú àti ọba, ìjà ọkọ àti ìyàwó ni nígbà mìíràn.

Ẹ wá gbogbo ohun tí àwọn obìnrin yẹn bèèrè fún, ẹ ò ní rí i níbẹ̀ pé kí ìjọba fojú àánú wo àwọn. Wọ́n ní: a ń sanwó, ìjókòó wa dà?

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó kan àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi láti Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ìtàn yìí jù mí lọ. Ní 1968, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, kòkó kò mówó gidi wọlé fún ẹni tó gbìn ín, bẹ́ẹ̀ ni owó orí àti oríṣiríṣi owó mìíràn ń gorí ara wọn. Àwọn agbowó-orí pẹ̀lú akódà àti ọlọ́pàá á ya wọ abúlé ní ìdájí. Bàbá tó bí ọmọ mẹ́jọ á fò jáde lójú fèrèsé, á sá wọ oko kòkó pẹ̀lú ṣòkòtò oorun. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, tí kò rí ríṣíìtì fi hàn, wọ́n á dè é. Ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wọ abúlé yẹn, kò sí ọ̀dà lórí ẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ lẹ́bàá ẹ̀. Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ tó ń dun àwọn àgbẹ̀: kí lẹ̀ ń fi owó náà ṣe?

Àgbẹ̀ kọ ìyà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, wọ́n wọ́ lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ di ìbọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pa Ṣọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ní oṣù keje, ní oṣù kẹsàn-án wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Mi ò fi ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn nígbà náà yangàn. Ọmọ ẹnì kan ni akódà tí wọ́n pa, ọmọ ẹnì kan ni àgbẹ̀ tí ọlọ́pàá yìnbọn fún.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́: kí owó orí jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, orúkọ yẹn ti wà látìgbà owó ẹyọ, nígbà tí ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ẹyọ, jẹ́ ẹrù èèyàn kan. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Àgbẹ̀ tó gbé ìbọn ṣakabùlà dání kò sọ pé òun kò ní sanwó orí láéláé. Iye ló ń dá. Ẹni tó bá ń dá iye, ó ti gbà pé ọjà wà láàárín òun àti ẹnì kejì. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìṣúná fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Àkànrán, ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pọ́ùn méjì, ìyẹn ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n nájà, ó gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó epo rọ̀bì dé. Epo tí wọ́n ti rí ní Olóìbìrì láti 1956 wá di odò owó láàárín ọdún 1970 sí 1980. Oṣooṣù ni wọ́n ń pín in láti òkè wá, ìjọba àpapọ̀ á mú, ìpínlẹ̀ á mú, ìjọba ìbílẹ̀ á mú. Pọ́ùn méjì àgbẹ̀ Àkànrán kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Akódà kò wá mọ́ ní ìdájí, a sì yọ̀. Ta ni kò ní yọ̀? A ò mọ̀ pé ẹni tí kò wá gbowó lọ́wọ́ wa kò tún rí ìdí tó fi yẹ kó wá ṣàlàyé fún wa. Látìgbà náà ni ìjọba ti di bàbá olówó tó ń fúnni ní nǹkan. Ẹ wo ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ̀nà ọjà wa. Wọ́n ya àwòrán ọlọ́lá tó gbé e wá sára tánkì, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eyín rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó fi ta aráàlú lọ́rẹ. Ẹ̀rọ náà ti gbẹ. Ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ kì í bèèrè ríṣíìtì.

Àmọ́ ṣé lóòótọ́ ni pé owó wa ò sí níbẹ̀? Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jẹun ní ilé oúnjẹ kan, owó rẹ̀ jẹ́ 8,000 náírà. Ìwé tí wọ́n mú wá ní 8,600. Mo fẹ́ bínú, ni mo bá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: VAT, 600 náírà. Owó orí ọjà nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, láti oṣù kejì ọdún 2020 ó ti di náírà méje àtààbọ̀. Bàbá Télọ̀ tó ní òun kò lówó níbẹ̀ ń san án lórí ìpè fóònù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti san án lórí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Ìyá ẹlẹ́wà ní Bódìjà ń san ti tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni wọ́n ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ṣe tí ilẹ̀ bá ṣú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìgò epo pupa kan hàn mí. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ká, tí wọ́n fi dí i lẹ́nu.

Owó orí gan-an náà ń padà bọ̀ tagbára-tagbára. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ní kó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju 800,000 náírà lọ lọ́dún, kò ní san nǹkan kan nínú owó orí yìí. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ á san. Mo ti gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń kùn. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Kò dùn mọ́ mi kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí màá fi dúró níwájú ìjọba bí oníbàárà, yàtọ̀ sí bí alágbe.

Ni mo bá mú ríṣíìtì owó ilé tí mo san fún káńsù lọ́wọ́, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ. Mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀. Òfin tó fún aráàlú láyè láti bèèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2011, ọjọ́ méje ló fún wọn láti fèsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó kí mi dáadáa, ó gba ríṣíìtì náà, ó wo iwájú, ó yí i wo ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wo owó ayédèrú.

"Bàbá, ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà?"

Mo ní mi ò sí nínú ìkankan.

"Ta ló wá rán yín?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, mo sanwó ni.

Ó dákẹ́. Ó pe ìyá kan láti inú yàrá kejì. Ìyá náà wá, wọ́n tẹ́tí sí mi, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wà ní ọ́fíìsì yẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì wá bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, àfi àwọn tó fẹ́ dupò. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, kí n buwọ́ lù ú, kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, kí n mú un wá lọ́jọ́ Ajé.

Mo dúpẹ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá yíjú padà. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ yìí, etí ara mi ni mo fi gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi ṣàánú."

Mo sọ fún Bàbá Télọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ajé, àwọn máa bá mi lọ. Ìwé aláwọ̀ ewé wọn á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí n má sọ̀rọ̀ tá a bá débẹ̀.